Yàrá Ẹ̀yìn Dígí

Onídígí ń fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà mọ́ etí gíláàsì nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣí. Obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya ló kọ́kọ́ wọlé. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí Onídígí ti kúrò níbẹ̀. Olùkọ́ ti sọ fún un láàárọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lo yàrá náà lọ́sàn-án. Rọ́bà ló dá a dúró. Nígbà tí ó rí àwọn méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ náà dúró.

Irú gíláàsì yẹn, dígí ni fún ẹni tó wà nínú ìmọ́lẹ̀, fèrèsé ni fún ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ló ni ín, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa gba ọ̀mùtí àti àwọn tí oògùn olóró ti sọ dẹrú nímọ̀ràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó méjì-méjì nínú yàrá tó mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi ara wọn dánra wò. Olùkọ́ á máa wò wọ́n láti inú yàrá kékeré tó ṣókùnkùn lẹ́yìn dígí. Onídígí fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ láàárọ̀ yẹn.

"Ẹ má tan iná lápá ibí o, Mà. Tí iná bá tàn níbí, wọ́n á máa wò yín bí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù."

"A mọ̀," ni Olùkọ́ wí.

Àwọn méjèèjì jókòó. Kò sí tábìlì láàárín wọn. Orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Onídígí. Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan. Ó ń wo ọkùnrin náà.

Bí ó ṣe ń wò ó ni ìṣòro. Ní ṣọ́ọ̀bù Onídígí, obìnrin yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Á gbé rúlà, á sọ ọ́ sílẹ̀, á wo aago, á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó tó dé ìdí rẹ̀. Níbí, ìka rẹ̀ kan kò mì. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Obìnrin náà dúró dè é. Ọkùnrin náà dákẹ́, òun náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ọkùnrin náà sì mi orí bí ẹni tí wọ́n bu omi fún.

Onídígí kò rí kí wọ́n fọwọ́ kan ara wọn. Ìbá sàn fún un bó bá rí i. Ó ti múra láti jowú ọwọ́. Etí ni ó wá ń jowú.

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó yọ́ jáde.

*

Àǹtí obìnrin náà ló jẹ́ kí obìnrin náà àti Onídígí kọ́kọ́ pàdé. Onídìrí ni. Dígí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fọ́, ó sì rán ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wá òmíràn.

"Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?" ni Onídígí bi í.

"Ó fẹ̀ tó ojú obìnrin tó ń bínú."

"Ti ọ̀gá yín ni àbí tiyín?"

"Tèmi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé e dáadáa."

Ó gé e kù díẹ̀. Kò ṣèèṣì. Ọmọbìnrin náà gbé e padà lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, dígí yín ò kún ojú férémù."

"Ẹ má bínú. Ẹ padà wá lọ́la."

"Ṣé ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí ni, àbí ẹ mọ̀ ọ́n jù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́la.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń gún ènìyàn kó tó mọ̀. Ó ti lo ọdún kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló jẹ́ kó lọ. Hóró oògùn ló pa ẹ̀gbọ́n náà. Gbogbo ilé ló bá a wí kó tó kú. Bàbá bá a wí, àbúrò bàbá bá a wí, aládùúgbò bá a wí.

"Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan," ni Abẹ́rẹ́ wí. "A kàn ń bá a wí ni. Èmi náà wà níbẹ̀."

Onídígí gbé rúlà rẹ̀ sílẹ̀. Ó fún un ní àga. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ máa fi dìde lọ, Onídígí ti mọ̀ pé òun máa fẹ́ ẹ.

Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Opó ni ìyá náà, ó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Kí lọmọ náà ń kọ́?"

"Bí wọ́n ṣe ń gba àwọn tó ń mutí nímọ̀ràn, Màmá."

"Ìmọ̀ràn wo? Kí wọ́n má mu ún mọ́. Mo ti kọ́ ọ tán nìyẹn. Kí wọ́n wá fún mi níwèé ẹ̀rí."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Báwo ló ṣe rí? Obìnrin tí àwọn ọkùnrin á máa sunkún níwájú ẹ̀ láràárọ̀! Tó bá gbọ́ ti gbogbo wọn tán, ta ló máa gbọ́ tìẹ tó o bá dé láti ibi iṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Onídígí lára bí èérún gíláàsì. Irú rẹ̀ kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ènìyàn kàn máa ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni.

Àǹtí Onídìrí ló ṣe alárinà. Ó mú Onídígí lọ sọ́dọ̀ Télọ̀, bàbá Abẹ́rẹ́. Télọ̀ wò ó láti èjìká dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá ṣòkòtò fún un. Àǹtí ló kọjú sí, kì í ṣe òun.

"Ṣé ó máa ń jowú?"

"Bọ̀dá mi, ọkùnrin wo ni kì í jowú? Èyí tí kò bá jowú, ẹ fọwọ́ kàn án wò, ó lè ti kú."

Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ kan ló kù fún mi," ni ó wí. "Kó parí ẹ̀kọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá yege, kí ọkùnrin yìí padà wá, màá fún un lésì. Tó bá dá a dúró lọ́nà, kó má wá."

"Mo gbọ́, sà," ni Onídígí wí.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Onídígí fi gíláàsì sí yàrá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ó sin Abẹ́rẹ́ lọ sílé. Ó ti pinnu pé òun ò ní bèèrè. Wọn kò tíì dé ìkòríta kó tó bèèrè.

"Ta ni ọkùnrin yẹn?"

"Ọkùnrin wo?"

"Èyí tó ń sunkún."

Abẹ́rẹ́ dúró. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ẹnì kan sunkún?"

"Mò ń fi rọ́bà sí gíláàsì."

"O wò wá."

"Ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí n dì í ni?"

"Kó o jáde ni. O máa ń jáde nílé oníbàárà tí wọ́n bá fẹ́ wọṣọ, àbí o kì í jáde?"

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó sọ ohun tí ó lè sọ, nítorí gbogbo kíláàsì ló mọ̀ ọ́n. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ọtí fi gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti jáwọ́. Ó fẹ́ kọ́ bí yóò ṣe ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Olùkọ́ ló ní kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣe ìdánrawò títí di ìdánwò, òun kọ́ ló yàn án. Ẹni tó bá jókòó bí aláìsàn níbi ìdánrawò kò gbọ́dọ̀ hùmọ̀ ìtàn. Ọ̀ràn ayé tirẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ mú wá.

"Kí ló wá sọ fún ẹ?"

"Mi ò lè sọ."

"Fún èmi?"

"Fún ẹnikẹ́ni."

"Tó o bá di ìyàwó mi ńkọ́?"

"Màá jẹ́ ìyàwó rẹ. Mi ò ní lè sọ."

Wọ́n rìn díẹ̀.

"Ó ń dùn ẹ́ pé mi ò sọ," ni Abẹ́rẹ́ wí pẹ̀lẹ́.

"Má fi ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bá mi sọ̀rọ̀."

"O ò fẹ́ kí n fi ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ẹ sọ̀rọ̀."

"O tún ti ń ṣe é!"

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Onídígí fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. Ó ń rò ó pé níbi dígí yẹn, obìnrin yìí kò rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin kejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

*

Owú kì í ṣiṣẹ́ kó sinmi. Onídígí ń gé gíláàsì, ó ń rí orúnkún mẹ́rin. Ó gé ti fèrèsé kan kúrú. Ó tún un gé, ó gùn jù. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ síbi tí ọ̀nà ibẹ̀ kò dé. Nígbà kan ó rí wọn lábẹ́ igi, ìwé kan wà láàárín wọn, Dírẹ́bà ń sọ̀rọ̀, Abẹ́rẹ́ ń gbọ́. Ọkùnrin tó ga ni. Eyín kan ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò lẹ́wà. Ìyẹn tún burú jù. Bí ó bá lẹ́wà ni, Onídígí ìbá mọ ohun tí òun ń bá jà.

Tí Abẹ́rẹ́ bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, Onídígí á fẹ́ sọ bí ọjọ́ ṣe rí fún un. Ó ti gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ náà máa ń parí sí orí iye oníbàárà. Ó máa ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò dúró bí ti ọjọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ á mú rúlà, á sọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tọ Àǹtí lọ. Àǹtí ń dirun fún ẹnì kan, òwú wà lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í."

"Kí n bi í ní kí ni?"

"Bóyá ọkùnrin yẹn ń fẹ́ ẹ."

"Orí tó wà nílẹ̀ yìí ò tíì tó mi ni, o fẹ́ gbé tìẹ kún un." Ó tu òwú náà dànù. "Ṣé o ti rí nǹkan?"

"Rárá."

"O ti gbọ́ nǹkan?"

"Ìyẹn gan-an ni. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Wo àyà ẹ, ó ti rí pẹlẹbẹ bí gíláàsì tó ò ń gé." Obìnrin tí Àǹtí ń dirun fún rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. "Gbọ́. Ìdánwò wọn ti sún mọ́lé. Bọ̀dá mi kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Máa gé gíláàsì ẹ. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

Kò gbọ́.

Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé àpò irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ó sọ fún ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà pé òun wá wo rọ́bà. Ọlọ́dẹ mọ̀ ọ́n, ó jẹ́ kó wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn náà mọ́ra. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ti wà lórí ìjókòó.

Dírẹ́bà ló ń sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Abẹ́rẹ́, ó tún fà á padà. Abẹ́rẹ́ ń wò ó. Onídígí mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ohun tí òun ń bẹ̀rù ni ọkùnrin náà ń sọ. Ó fẹ́ gbọ́ ọ. Sípíkà kan wà lára ògiri, ó mọ̀, níṣojú rẹ̀ ni oníná ti gbé e síbẹ̀. Nípa rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ fi ń gbọ́ ohùn yàrá kejì. Ó fọwọ́ wá a nínú òkùnkùn. Ó kan bọ́tìnnì kan. Ó tẹ̀ ẹ́.

Iná tàn sí i lórí.

Dírẹ́bà gbójú sókè. Omi wà ní ojú rẹ̀. Ibi tí dígí wà ṣáájú, ọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí ara ògiri, ó ya ẹnu. Abẹ́rẹ́ yí padà, ó sì rí i. Kò pariwo. Dírẹ́bà dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Kò sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó ń fa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Olùkọ́ bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ni ọkùnrin yìí sí ọ?"

Abẹ́rẹ́ lè sọ pé onídígí tó wá ṣiṣẹ́ ni. Òtítọ́ ni ìyẹn náà.

"Àfẹ́sọ́nà mi ni, Mà."

"Ṣé ìwọ lo mú un wọlé?"

"Rárá, Mà."

Olùkọ́ wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ ń ṣe é ti lọ. Tí kò bá padà wá kẹ́ ẹ parí ìdánrawò yín, o ò lè ṣe ìdánwò lọ́dún yìí." Ó yíjú sí Onídígí. "Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yín, sà. Ẹ má padà wá."

Ní ìta, Onídígí ní, "Jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"O fẹ́ kí n gbọ́ ẹ?" ni Abẹ́rẹ́ wí. "Má tẹ̀ lé mi."

*

Àǹtí ló wá jẹ́ iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ fún un. Kò jókòó.

"Ó ní kó o má wá mọ́."

"Títí dìgbà wo?"

"Kò fi ìgbà sí i. Ọkùnrin yẹn ò tíì wá sí kíláàsì láti ọjọ́ náà. Abẹ́rẹ́ lọ sílé ẹ̀, kò ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí n sọ fún ẹ, tí ọkùnrin náà bá padà sídìí ọtí, kì í ṣe ìgò lòun máa bínú sí."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bọ̀dá mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí."

Inú ìyá Onídígí dùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. "Olúwa ló yọ ẹ́," ni ó wí. Nígbà tó yá, ó rí i pé oúnjẹ ọmọ òun kì í tán nínú àwo. Kò sọ ìyẹn mọ́.

Onídígí jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù láàárín gíláàsì tí kò gé. Owú rẹ̀ kò lọ. Ohun tó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu nìyẹn. Ó ti pàdánù obìnrin náà, ó sì tún ń ronú pé Abẹ́rẹ́ lọ sílé ọkùnrin yẹn, ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wá rí i kedere pé kò sí ìpẹ̀kun sí i. Bí ó bá rí gbogbo rẹ̀ tí ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, á tún fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rò.

Ó dìde, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ wá Dírẹ́bà.

Ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ó ń tẹ rọ́bà inú táyà kan bọ omi nínú abọ́, ó ń wá ibi tó ti ń jò. Ìgò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onídígí wo ìgò náà. Ọṣẹ olómi ni.

"Ẹ kú iṣẹ́."

"Táyà wo?" Dírẹ́bà kò gbójú sókè.

"Kì í ṣe táyà. Èmi ni mo..."

"Mo mọ̀ ẹ́. O kúrú ju bí mo ṣe rò lọ."

"Ó sọ̀rọ̀ mi fún yín?"

"Mi ò lè sọ."

"Ẹ̀yin náà!"

"Ilé-ìwé kan náà là ń lọ." Dírẹ́bà rí ibi tí omi ti ń hó lára rọ́bà náà, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. "Bi mí léèrè ohun tó o fẹ́ bèèrè. O ti ń wo ìgò yẹn láti ìgbà tó o ti dé."

"Ṣé ẹ ti mu ún?"

"O ṣeun. Gbogbo wọn kàn ń gbóòórùn ẹnu mi ni, kò sẹ́ni tó bèèrè. Mi ò tíì mu ún. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ọtí. Mo gbọ́ ohùn àwọn tí mo mọ̀ nínú ibẹ̀. Mo padà."

Onídígí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ dákun. Ohun tí mo ṣe kò dáa. Ẹ má torí mi fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, mo fi Ọlọ́run búra."

"O rí ojú mi. Ojú mi lọ̀rọ̀ náà." Dírẹ́bà nu ọwọ́. "O rí tèmi. Èmi ò tíì rí tìẹ. Jókòó."

Ó jókòó sórí táyà.

"Níbi ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa mú ará ìta kan wá. Onítọ̀hún á jókòó níwájú ẹ̀, á sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ run, àwọn yòókù á máa wò wọ́n láti ẹ̀yìn dígí. Mi ò rẹ́ni mú. Gbogbo ènìyàn ló ń sá fún ọ̀rọ̀ ara wọn. Wá jókòó fún mi, màá padà."

"Èmi ò mutí."

"Mi ò sọ pé o mutí. Ṣé nǹkan kan wà tó ò ń ṣe, tó o mọ̀ pé ó ń bà ẹ́ jẹ́, tó o búra pé o ò ní ṣe é mọ́, tó o sì tún lọ ṣe é lọ́sàn-án gangan?"

Onídígí wo ilẹ̀.

"Ó wà."

"Á jẹ́ pé o mọ ọtí."

*

Olùkọ́ kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Dírẹ́bà ní òun ni Onídígí ṣẹ̀, òun sì ti dárí jì í. Olùkọ́ gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni Onídígí ṣe jókòó sínú ìmọ́lẹ̀. Nínú dígí, kò rí nǹkan kan àyàfi ojú ara rẹ̀ àti ẹ̀yìn orí Dírẹ́bà. Ó dá a lójú pé Abẹ́rẹ́ wà nínú òkùnkùn náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Nítorí rẹ̀ ló ṣe wọ ẹ̀wù tuntun.

"Kí ló gbé ẹ wá?" ni Dírẹ́bà bi í. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ibi táyà.

"Owú."

Dírẹ́bà dúró dè é.

"Mò ń jowú yín," ni Onídígí wí. "Kì í ṣe pé mo rò pé ó máa fi mí sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ibi tó dáa jù lára ẹ̀, ibi iṣẹ́ ló ti máa ná an tán. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa gbé wálé fún mi."

Dígí ló ń bá sọ ọ́. Ó bẹ dígí náà. Ó sọ fún un pé òun jẹ̀bi. Dírẹ́bà kò dá a lẹ́kun. Ó kàn ní, "Ò ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ká ní kò sí níbẹ̀, kí lò bá sọ?"

Onídígí yí ojú kúrò lára dígí náà. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan nípa ìgbà èwe rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. A kò ní kọ ọ́ síbí.

Dírẹ́bà ń wò ó. Ìka rẹ̀ kan kò mì. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Onídígí rí òógùn náà, ó sì wá mọ ohun tí òun rí lójú Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ rọ́bà. Iṣẹ́ ni. Ó le bí kí ènìyàn gbé gíláàsì ńlá gun àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dé ilé, ó yẹ kó rí àga jókòó lé.

Nígbà tí ó jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tú jáde láti inú yàrá òkùnkùn. Abẹ́rẹ́ kò sí láàárín wọn. Ó bá a níta, lórí àtẹ̀gùn, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orúnkún mọ́ra.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mi ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹni tó jókòó gbọ́dọ̀ jáde. Òfin ni."

Onídígí jókòó tì í. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Dírẹ́bà lo bá sọ ọ́." Ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún. "Mo gbọ́ ohùn ẹ láti ibí. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ohùn ẹ ò rí bẹ́ẹ̀ rí lọ́dọ̀ mi. Inú ń bí mi sí Dírẹ́bà, inú ń bí mi sí ẹ. Àga Dírẹ́bà wù mí débi pé mo fẹ́ wọlé lọ fà á dìde."

Onídígí yíjú wò ó.

"Ò ń jowú."

"Mò ń jowú. Kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

Onídígí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ ìgbà èwe yẹn, ó ń ta kókó lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mú òkúta kékeré kan, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó tún mú un. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Onídígí jẹ́ kó gbà á.

*

Abẹ́rẹ́ yege. Dírẹ́bà náà yege. Télọ̀ gbọ́ gbogbo ìtàn náà lẹ́nu Àǹtí, ó sì ránṣẹ́ pe Onídígí.

"O dá a dúró lọ́nà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O tún padà lọ ṣí ọ̀nà náà."

Télọ̀ mú tẹ́ẹ̀pù, ó ní kí Onídígí nàró kí òun wọn èjìká rẹ̀ fún ẹ̀wù ìgbéyàwó. Èsì tó fún un kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Onídígí ló kù. Abẹ́rẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní ọ̀sán kan, òun nìkan, ó sì jókòó. Ìrọ̀lẹ́ ló kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Onídígí dé, ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, kí ló sọ fún yín?"

"Kò sọ nǹkan kan." Ó ká aṣọ náà tán. "Ọmọ yẹn mọ̀rọ̀ọ́ sọ gan-an."

Onídígí fẹ́ bi í pé kí ni òun ìyá wá sọ fún ọmọ náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún tó parí, ìyá ló sì yan aṣọ.

Ilé ìtọ́jú kan ni Abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Dírẹ́bà wà ní òmíràn, ó máa ń wá kí wọn. Tí Abẹ́rẹ́ bá dé ní ìrọ̀lẹ́, Onídígí á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, á fún un lómi, á jẹ́ kó dákẹ́ títí yóò fi fẹ́ sọ̀rọ̀. Kì í bèèrè ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣì máa ń wù ú láti bèèrè.